Dírílì Tí Sodiqat Yàn

"Irin wo nìyí? Ṣé ẹ fẹ́ kí a máa fi lọ ògì ni?"

Sodiqat ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó yínmú sí dírílì orí tábìlì tí Samsudeen, tó ń ta irinṣẹ́ nínú ọjà Ṣakí, gbé ka iwájú wọn pẹ̀lú àmúlọ́wọ́ kékeré kan. Dírílì náà wúwo, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti bó. Ìyá Mọ́ládé, ọ̀gá tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ohun ọ̀ṣọ́, ló rán Sodiqat àti Mosúnmọ́lá wá yan ẹ̀rọ tí wọn yóò máa fi dá ihò sí òkúta àti èèpo àgbọn fún ẹ̀gbà ọrùn àti yẹtí.

Sodiqat ni àgbà níbi iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta péré ló kù kó ṣe fíríìdọ̀mù ìparí iṣẹ́ kíkọ́, ìgbéraga sì ti kún inú rẹ̀. Mosúnmọ́lá ò tíì lo ọdún kan. Ilero ló ti wá, "Ará Oko" sì ni orúkọ tí Sodiqat sọ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, ẹ tan méjèèjì ká wò wọ́n," Mosúnmọ́lá bẹ Samsudeen.

Ọkùnrin náà tan dírílì orí tábìlì. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń yí, ṣùgbọ́n ṣe ló dúró ṣinṣin bí ẹni pé kò yí rárá. Ó wá tan èkejì, èyí àmúlọ́wọ́, pupa fòò, tí kò tóbi ju tọ́ọ̀ṣì lọ. Ìyẹn ké fíìì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ń jó síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Èyí ń mì," Mosúnmọ́lá ní. "Ó lè fọ́ òkúta."

"Òótọ́ lo sọ," Samsudeen dáhùn. "Àmúlọ́wọ́ dára fún dídán àti fífín. Òkúta líle, orí tábìlì ni kí ẹ fi lu ú."

Sodiqat bú sẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ẹni tó jẹ́ pé ọkọ́ nìkan ló mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló fẹ́ kọ́ mi ní ẹ̀rọ! Gbogbo àwọn tí mò ń wò lórí fóònù, àmúlọ́wọ́ ni wọ́n ń lò. Bọ̀dá, ẹ di pupa yẹn fún wa."

Nígbà tí Ìyá Mọ́ládé bi wọ́n bóyá wọ́n dán an wò, Sodiqat ní, "A dán an wò dáadáa, mà." Mosúnmọ́lá wolẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá Ògúntóyè, ọdẹ àgbà kan láti Kìṣí, mú òkúta aláwọ̀ ewé mẹ́ta wá. Ìyàwó rẹ̀ tó dolóògbé ló fi wọ́n sílẹ̀. Ó fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn fi wọ́n sọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ìyá Mọ́ládé ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n títí òun yóò fi ti Ìṣẹ́yìn dé.

Kò tíì rìn jìnnà tí Sodiqat fi mú ọ̀kan.

"Àǹtí, màmá ní ká má fọwọ́ kàn án," Mosúnmọ́lá sọ láti ibi tó ti ń fá èèpo àgbọn. "Bó bá sì jẹ́ pé ẹ máa lu ú, ẹ bu omi sí i, kó má gbóná."

"Omi? Ṣé ẹja lo fẹ́ sìn ni? Ará Oko, dojú kọ àgbọn rẹ."

Ó tan ẹ̀rọ, ó sì fi agbára tẹ̀ ẹ́. Eruku funfun bò ó láyà. Abẹ́rẹ́ jó, òkúta gbóná, ó sì dún kàà! Ó ti là sí méjì.

Sodiqat ju ẹ̀rọ sílẹ̀. Fíríìdọ̀mù rẹ̀ ló kọ́kọ́ rántí. Nígbà tí Ìyá Mọ́ládé ti Ìṣẹ́yìn dé, tó pàdé Bàbá Ògúntóyè tó padà wá wo iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n sì jọ wọlé, kò jẹ́ kí wọ́n bi òun tó fi sọ pé, "Mosúnmọ́lá ni, mà. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án, ìwà oko ò jẹ́ kó gbọ́."

Mosúnmọ́lá bú sẹ́kún. Ìyá Mọ́ládé na ọwọ́ sẹ́nu ọ̀nà. "Palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́, kí o máa lọ sí Ilero!"

"Ẹ ní sùúrù," Bàbá Ògúntóyè ní. "Ọdẹ ni mí, mo mọ bí a ṣe ń wo ipasẹ̀ ẹran. Ọmọ yìí, iyẹ̀ èèpo àgbọn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Kí ni ẹfun tó wà láyà híjáàbù dúdú rẹ yẹn?"

Sodiqat wo àyà rẹ̀. Wọ́n ní irọ́ a máa sáré fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó lé e bá. Ti Sodiqat ò pé ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀.

Bàbá náà fi aṣọ di òkúta tó là, kò wo ojú rẹ̀. "Ọwọ́ lè ṣèèṣì, ìyẹn ò dùn mí. Ṣùgbọ́n o fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ dí ihò tí o gbẹ́. N ò tilẹ̀ bínú sí ọ. O ò tó ẹni tí à ń bínú sí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ẹgba lọ. Òun tó ń fojú tín-ín-rín wo gbogbo ènìyàn kò tíì mọ bí ẹ̀gàn ṣe ń ta lára rí.

Ìyá Mọ́ládé bẹ Mosúnmọ́lá, nítorí òun náà ti yára dájọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó fúnra rẹ̀ lọ ra dírílì orí tábìlì. Mosúnmọ́lá ló fi lu òkúta méjì tó kù nínú omi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ihò wọn sì gún régé. Wọ́n sún fíríìdọ̀mù Sodiqat síwájú di ọdún kan gbáko, wọ́n sì ní abẹ́ Mosúnmọ́lá ni kó ti kọ́ òkúta lílu.

"Bí ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbà ò wọ akèrègbè," Ìyá Mọ́ládé sọ fún un.

Sodiqat kúnlẹ̀ níwájú Mosúnmọ́lá. "Jọ̀ọ́, foríjì mí."

"Mo foríjì yín, Àǹtí," Mosúnmọ́lá dáhùn. "Ṣùgbọ́n Mosúnmọ́lá ni orúkọ mi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ń gan ẹlòmíràn, ìmọ̀ tí ì bá rí gbà lọ́wọ́ ẹni náà ló ń tì dànù. Àṣìṣe ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi irọ́ bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀ yóò rí i pé irọ́ náà ni yóò bà á lórúkọ jẹ́ ju àṣìṣe lọ.