Ariwo Tó Dé Orí Ìrọ̀rí

Nǹkan dúdú kan bíi fóònù ni ọmọbìnrin kan nà sí agbálẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè kẹta. Aṣọ oorun ló wọ̀, ojú rẹ̀ le koko. Agbálẹ̀ pa ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó sì káwọ́ sókè.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìnbọn.”

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà, ó gbé e mì. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ariwo ni, iṣẹ́ òun sì nìyẹn ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ilé. Ariwo agbálẹ̀ ti dé méjìlélọ́gọ́rin lójú ẹ̀rọ náà, bẹ́ẹ̀ màmá òun, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ ni. Agbálẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí. Ohun tí kò lè sọ ni pé ọmọbìnrin náà ti wọ òun lọ́kàn.

Ní Sátidé, wọ́n jọ tú ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ náà ká nínú yàrá ìkẹ́rùsí ìsàlẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi fóòmù tẹ́ inú rẹ̀, wọ́n sì nu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Nọ́ńbà wálẹ̀ sí mẹ́rìnléláàádọ́rin, ó tún wálẹ̀ sí méjìdínláàádọ́rin. Kí Sátidé kẹrin tó pé, ìfẹ́ ti wọ àárín àwọn méjèèjì, wọ́n sì fẹ́ fẹ́ra.

Àmọ́ Màmá Nọ́ọ̀sì ta kú. Ó ní òun ò lè fún ẹni tó ti ń fi oorun du òun láti ọdún méjì lọ́mọ.

“Ọjọ́ tó bá gbálẹ̀ tí mi ò jí, kó wá bá mi sọ̀rọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó gbàgbé ẹ.”

Àràárọ̀ ni Màmá sì ń jí. Ó sú agbálẹ̀ débi pé ó ní òun á ní kí ọ̀gá òun gbé òun lọ ṣiṣẹ́ ní ilé mìíràn. Ọmọbìnrin náà sunkún, ó nu ojú, ó wá ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ làwọn ti ń wọn ariwo látọjọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ Màmá kì í sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ tí Màmá jáde, ọmọbìnrin náà gbé ẹ̀rọ ìwọn-ariwo sórí ìrọ̀rí Màmá, ó ní kí agbálẹ̀ gbálẹ̀ bó ṣe máa ń gbá a gan-an. Ìgbà tó gbá a dé iwájú ilé wọn, tí orí ẹ̀rọ ń kọlu ilẹ̀kùn, ni ọmọbìnrin náà ṣílẹ̀kùn. Ó ní nọ́ńbà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira títí ó fi dé ibẹ̀, ibẹ̀ ló ti fò sókè, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

“Ẹ̀ẹ̀melòó lo máa ń gbá ẹnu ọ̀nà wa?”

Agbálẹ̀ wolẹ̀. “Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Mo máa ń rò pé o lè jáde.”

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi lé sí i lójú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, agbálẹ̀ fi aṣọ rírọ̀ wé orí ẹ̀rọ. Ó gbá ẹnu ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì kọjá. Kò sí ibi tó ṣòro fún un láti kọjá tó ibẹ̀ rí. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo ilẹ̀kùn wọn.

Aago kan ọ̀sán ti kọjá kí ọmọbìnrin náà tó yọjú.

“Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Wọ́n ń bínú.”

Agbálẹ̀ dìde. “Kí ni mo tún ṣe?”

“Wọ́n ní kí ló dé tó ò fi wá síṣẹ́ lónìí. Mo ní o ti gbálẹ̀ tán láti aago mẹ́jọ.” Ó rọra ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ó sọ̀rọ̀ láti inú: “Wọ́n ní kó o kàn án.”

Agbálẹ̀ fi ìka kan kàn án, jẹ́jẹ́.

Ohùn Màmá ló dáhùn.

“Kàn án dáadáa, ọkọ ọmọ mi. Mo ti jí.”