Òkúta Inú Agolo Jẹnẹrétọ̀

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni Bàlíkísù lọ gba bùbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Saidat, ní Mushin. Ó bá télọ̀ náà tó dorí kodò lórí maṣíìnì, ó ti kú. Kò sẹ́jẹ̀, kò sápá. Ẹ gbà mí, irú ikú wo nìyí!

Nígbà tí ọlọ́pàá dé, Ìnsípẹ́kítọ̀ Òkìkíọlá ò pẹ́ lọ́dọ̀ òkú. Ó yí sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ gan-an, lábẹ́ fèrèsé, ni páìpù èéfín jẹnẹrétọ̀ oní-gáàsì ilé ìtẹ̀wé Bàbá Bámidélé yọrí sí.

Taoheed, ọkọ Saidat, tó tún jẹ́ mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ ọ̀hún, ń yí nílẹ̀. "Bàbá yìí ló pa á, sà! Ẹ bá mi mú un! Bírọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a."

"Èmi kẹ̀?" Ojú Bàbá Bámidélé ti pọ́n. "Ọ̀gá, agolo kan wà lára páìpù yẹn. Òkúta oníhò wẹ́wẹ́ bí afárá oyin ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń pa oró inú èéfín. Torí àwọn aládùúgbò ni mo ṣe rà á."

"Ẹ̀rọ yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa?"

"Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ láti Ọjọ́bọ̀ tí Taoheed ti tún un ṣe, ara rẹ̀ ti dá ṣáṣá."

Ìnsípẹ́kítọ̀ yíjú sí Bàlíkísù. "Ǹjẹ́ Saidat ṣàárẹ̀?"

"Orí ló ń fọ́ ọ láti Ọjọ́bọ̀. Ó ní ibà ni."

Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ fi kọ́kọ́rọ́ kan agolo náà, ó dún bí òfìfo. Ó ti dípẹtà káàkiri, àyàfi ibì kan tí wẹ́dà ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, tó ń dán.

"Taoheed, ìwọ nìkan lo ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí. Ọjọ́bọ̀ lara rẹ̀ dá, Ọjọ́bọ̀ lorí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ìyàwó rẹ. Òkúta inú agolo dà?"

Ẹkún Taoheed dá wáí. "Mo fọ́ ọ dànù, sà. Ó ti dí, ẹ̀rọ ò lè mí. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é fún mọ́tò nìyẹn, a óò wá jó agolo rẹ̀ padà kí oníǹkan má baà mọ̀."

"Èéfín tí kò lóòórùn, tó ń fọ́ni lórí kó tó pani, lòkúta yẹn ń pa. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún ọ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Nígbà tórí ń fọ́ ọ, sà, èmi ni mo ní kó máa ṣí fèrèsé ẹ̀yìn, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i."