Àmì Tó Wà Lábẹ́ Àpótí Adékẹ́mi

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Adékẹ́mi kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Ajíhìnrere Jethro ní Sùúrùlérè. Onídìrí kan ló ṣí i, ó fi òòyà há irun orí ara rẹ̀.

"Àǹtí, ṣé irun lẹ fẹ́ ṣe?"

"Rárá o. Ajíhìnrere ni mo wá rí."

"Ajíhìnrere wo? Àná ni lánlọ́ọ̀dù fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó wà níbí ti kó lọ."

Adékẹ́mi wo ògiri. Àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà tó máa ń wà níbẹ̀ ti lọ, ìṣó rẹ̀ nìkan ló kù.

Nọ́ọ̀sì ni Adékẹ́mi. Ìjọ kan ní Màláwì ti kọ̀wé pè é pé kó wá fi ọdún kan gbáko bá àwọn ṣiṣẹ́ ìhìnrere, kó máa tọ́jú aláboyún, kó sì máa kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì. Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ máa gbéra. Jethro ní òun ló máa ń bá àwọn míṣọ́nnárì ṣètò ìrìnnà. Ní Sátidé ló gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, ó gba àpótí rẹ̀ mọ́ ọn. "Ẹrù gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹlẹ́rù," ló wí. Àwọn márùn-ún mìíràn náà gbé tiwọn wá. Bí ìwé yẹn kò bá jáde kó tó di Ọjọ́bọ̀, Màláwì di àlá.

Ó gba ọjà Ládìpọ̀ lọ, sọ́dọ̀ Àkàngbé, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń ta jíà ọkọ̀ tòkunbọ̀. Mùsùlùmí ni Àkàngbé, ọmọ Mushin látilẹ̀, kì í sì í gbàgbé ọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan bú u níbi ìsọmọlórúkọ lọ́dún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn; títí dòní, bó bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, òdìkejì títì ló ń gbà.

"Mo sọ fún ẹ," ni Àkàngbé wí. "Mo ní kí ló dé tó ń pariwo Halelúyà bí agbèrò?"

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú."

"Mo ti bínú tán. Ṣé àpótí tí mo rà fún ẹ ló gbé lọ?"

"Òun náà ni."

Àkàngbé rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́."

Ní Ládìpọ̀, jíà kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù láìní àmì, torí oníbàárà lè ra èyí tó dáa, kó sì dá òkú tiẹ̀ padà dípò rẹ̀. Ilà ọ̀dà aláwọ̀ ewé méjì àti ẹ̀kán kan ni ti Àkàngbé. Ọjọ́ tó ra àpótí náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó kun àmì náà sí i nídìí. Adékẹ́mi bínú lọ́jọ́ náà: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé jíà lẹ fẹ́ fi mí ṣe ni?"

Wọ́n lọ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Sájẹ́ǹtì Máyọ̀kún, obìnrin gíga tí kò ní sùúrù, kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, ó sì tẹ̀ lé wọn.

"Olè kì í jẹ àpótí," ni Àkàngbé wí. "Yóò tà á ni."

Títí di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fi ń dojú àpótí délẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta báàgì tòkunbọ̀ ní Yaba. Àwọn ọlọ́jà ń ṣépè lé wọn lórí. Àkàngbé tún yí pupa kan. Ilà méjì, ẹ̀kán kan.

"Ta ló gbé e wá?" ni Máyọ̀kún bi ọlọ́jà.

"Ẹ̀gbọ́n kan ni, mà. Ó ní ìyàwó òun tó kọ òun ló fi sílẹ̀. Méjì ló gbé wá lánàá. Ó ń gbé méjì mìíràn bọ̀ láìpẹ́."

"Ìyàwó mẹ́rin kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ ò sì fura?"

Wọ́n sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn báàgì tó so rọ̀. Kò pẹ́ tí Jethro wọ kóòtù dé, ó ń wọ́ àpótí méjì. Ó gbójú sókè, ojú òun àti Adékẹ́mi ṣe mẹ́rin. Ó ju àpótí sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Ẹ mú un!"

Jethro fo ojú irin, ó da àtẹ ọlọ́sàn nù, ó yà sí àdúgbò kan ní Èbúté Mẹ́ta, ó sì pòórá. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ló wà lọ́wọ́ ibẹ̀. Okùn tí wọ́n sá aṣọ sí níwájú rẹ̀ ṣì ń mì. Máyọ̀kún yọjú wọlé: ó tó ọgọ́ta ènìyàn, gbogbo wọn funfun báláú, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dojú bolẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà.

"Ó ti bọ́," ni Àkàngbé wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Adékẹ́mi bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe níbẹ̀. Ó rọra wọlé, ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán, ẹsẹ̀ lásán, ẹsẹ̀ lásán. Ní ìlà tó kẹ́yìn, bàtà dúdú kan ń dán gbinrin. Ọmọ ọdún mẹ́ta pàápàá kì í wọ bàtà wọ irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀.

Ó fọwọ́ kàn án léjìká. Aṣọ funfun tó fà yọ lórí okùn ṣì tutù lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Ajíhìnrere. Ẹ bọ́ bàtà."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Máyọ̀kún gbé kálámù.

"Orúkọ?"

"Jethro."

"Èyí tí bàbá ẹ sọ ẹ́ ni mò ń bi ọ́."

"Gbádé, mà."

"Ṣọ́ọ̀ṣì wo lò ń lọ?"

Gbádé wolẹ̀. "Mi ò kì í lọ."

"Ìwé ìrìnnà àwọn tó o lù ní jìbìtì dà?"

"Mi ò mọ̀."

Àkàngbé fa àga sún mọ́ ọn. "Mo lè jókòó síbí títí di ọdún tó ń bọ̀. Béèrè mi ní Ládìpọ̀."

Gbádé wo ojú rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́. Ìwé ìrìnnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà nínú agolo mílíìkì lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Lọ́la ni ẹni tó fẹ́ rà wọ́n ń bọ̀. Ibẹ̀ náà ni ọlọ́pàá ti bá àwọn ìwé náà. Wọ́n pe àwọn márùn-ún yòókù wá; ọkùnrin kan nínú wọn fẹnu ko ìwé tiẹ̀ lẹ́nu títí ó fi rin. Èlùbọ́ tí Adékẹ́mi kó sínú àpótí pé, ṣùgbọ́n Gbádé ti jẹ gbogbo ẹja gbígbẹ rẹ̀ tán.

"Ẹ dárí jì mí," ni Gbádé ń bẹ̀.

"Mo ti dárí jì ọ́," ni Adékẹ́mi wí.

"Tiẹ̀ nìyẹn," ni Àkàngbé wí. "Èmi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n ń di ẹrù sínú ọkọ̀ ní Mushin. Adékẹ́mi gbé àpótí sókè, ọ̀dà tútù lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ilà méjì, ẹ̀kán kan, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Bọ̀ọ̀dá! Ẹ tún kùn ún?"

"Ọjà tó bá máa padà wá la ń sàmì sí," ni Àkàngbé wí. Ó kọjú sí ògiri, ó nu ojú. Ó ní ọ̀dà ló ta sí òun lójú.