Ẹkún Lábẹ́ Àgọ́ Ìyàwó

Ọjọ́ tí ìròyìn ikú Mesele dé ni Kimeu kọ́kọ́ rí Wubit. Ìwé ìròyìn kan ní Nairobi ló rán Kimeu wá sí Addis Ababa, kó máa kọ nípa ìjọba Kọ́múníìsì tí àwọn ológun gbé dé. Ẹ̀yìn káńtà ni Wubit wà níbi tí wọ́n ti ń tẹ wáyà. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ sí i létí. Wubit la ẹnu bí ẹni fẹ́ ké, ó pa á dé, ó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé Kimeu.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n ti yìnbọn pa Mesele, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ọ̀tá ìjọba ni wọ́n pè é. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá sunkún irú wọn, wọ́n á mú un."

Ẹnu ya Kimeu. Ó ti rí ogun. Kò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń fòfin de omijé.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kí Zenebech, ìyá Wubit àti Mesele, nílé. Ìyá á po kọfí fún un, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò ní jẹun. Oṣù mẹ́rin, kò sunkún.

"Àlejò, ṣé ìnjera wa ló ń gbé ọ wá?" Wubit fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìnjera, búrẹ́dì pẹlẹbẹ kíkan yẹn? Ìwọ ni, olólùfẹ́ mi."

Nígbà tí Kimeu tọrọ Wubit fún aya, Ìyá kọ̀ jálẹ̀. "Kí n máa jó, èmi tí n kò tíì sunkún ọmọ mi?"

Wubit kúnlẹ̀. "Ìyá, àgọ́ tí àdúgbò fi ń ṣòkú náà ni wọ́n fi ń ṣèyàwó. Ta ló máa mú ìyá ìyàwó tó ń sunkún?"

Ìyá wò ó títí. "Ṣé ọkùnrin yìí lo fẹ́ ni, àbí àgọ́?"

"Mo fẹ́ ẹ, Ìyá. Ṣùgbọ́n n kò lè fi yín sílẹ̀ báyìí."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àwọn oníbọn ìjọba wá, wọ́n jókòó ti ẹran. Bí Kimeu ti di ọwọ́ Wubit mú, Ìyá figbe ta: "Ọmọ mi! Ọmọ mi lọ!" Gbogbo obìnrin abẹ́ àgọ́ gba ẹkún náà.

"Kí ló dé?" oníbọn kan bèèrè.

"Ìyá tìrẹ ò ní sunkún ni?" arúgbó kan dá a lóhùn. "Kenya mà ni wọ́n ń gbé ìyàwó lọ!"

Oníbọn náà rẹ́rìn-ín, ó ń jẹran rẹ̀ lọ. Kimeu wò yíká: àádọ́ta ènìyàn ń ṣọ̀fọ̀ Mesele lójú àwọn tó pa á.

Nígbà tí àwọn oníbọn lọ tán, Wubit tú ìborùn funfun rẹ̀, ó yí etí aṣọ náà aláràbarà sókè sí ọrùn, bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń wọ̀ ọ́ láti ṣọ̀fọ̀ òkú. Kimeu tú ìborùn tirẹ̀ náà, ó yí i bẹ́ẹ̀, nítorí Mesele.