Ẹlẹ́rìí Tí Tóyọ̀sí Pè

Bí Tóyọ̀sí bá ti sọ pé kámẹ́rà kan dára, ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn lójú ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe fíìmù láti Lẹ́kkí títí dé Ajah. Orí ayélujára ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà lókè òkun á fi tuntun ránṣẹ́ sí i, á jókòó síwájú ògiri aláwọ̀ búlúù kan nínú ilé rẹ̀, á gbé e lọ́wọ́ bí ìyá ìkókó, á sì máa yìn ín. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń wò ó.

Ohun tó mú kí wọ́n gbà á gbọ́ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni gbólóhùn kan tó máa ń fi kádìí ọ̀rọ̀. Á gbé ìka kan sókè, á ní, "Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi." Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bàbá rẹ̀ ti jẹ́ olùkọ́ ìjọ rí ní Ẹ̀pẹ́, nítorí náà ó mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ Ọlọ́run kó wọni lára. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí orúkọ náà ti di òǹtẹ̀ tó ń lù sórí ọjà. Kò tilẹ̀ ro nǹkan kan mọ́ bó bá ń pè é.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ti sú àwọn onífíìmù tó ń fi owó ara wọn ṣiṣẹ́. Oṣù mélòó kan síra ni tuntun ń jáde, èyí tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á sì di ògbólógbòó. Bátìrì ti àná kò ní wọ inú ti òní. Èyí tó burú jù ni pé bí oòrùn bá ti mú, kámẹ́rà á gbóná, á kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹnì kan kọ ọ́ sójú Wásáàpù ẹgbẹ́ wọn pé, "Inú yìnyín làwọn tó ń ṣe nǹkan yìí ń gbé. Wọn ò mọ Ajah." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀.

Ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ kan gbé ọ̀kan jáde, wọ́n ní tàwọn kì í gbóná. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Tóyọ̀sí, wọ́n sì kọ ohun tí yóò sọ fún un. Ọ̀sán kan ṣoṣo ló fi lò ó, nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ yìì. Lẹ́yìn náà ó jókòó síwájú ògiri búlúù, ó ní oṣù mẹ́ta gbáko lòun fi gbé e rìn nínú oòrùn láti Lẹ́kkí dé Ìbẹ́jú, kò gbóná rí. Ó gbé ìka sókè. "Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi."

Lọ́jọ́ kejì, Samson pè é. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ni Samson, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ fi kámẹ́rà àyálò ṣe fíìmù wọn àkọ́kọ́. Tóyọ̀sí ti di ọlọ́lá, Samson ṣì wà nínú yàrá kan ní Ajah, ó ń ṣe fíìmù rẹ̀, ó sì ń sin Jésù tọkàntọkàn.

"Tóyọ̀, ṣé lóòótọ́ lo gbé kámẹ́rà yìí wọ inú oòrùn? Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí n ò lè ṣe lẹ́ẹ̀mejì."

"Bro mi, ṣé o ò gbọ́ nǹkan tí mo sọ ni? Lọ rà á, fọkàn balẹ̀."

"Ó dáa. Tó bá ti jẹ́ ìwọ lo sọ ọ́, ó tó."

Ẹ ò rí i bí irọ́ ṣe ń rọrùn tó lẹ́nu ẹni tó ti mọ́ lára. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, kò sì dùn ún rárá.

Iṣẹ́ tí Samson ń sọ nìyí. Abúlé apẹja kan wà létí ọ̀sà, tí èèyàn bá ti kọjá Awoyaya. Wọ́n ti ta ilẹ̀ rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé, wọ́n sì ti fún àwọn ará abúlé ní ọjọ́ tí wọ́n máa kó jáde. Bàbá Gbàdàmọ́sí nìkan ló kù tó mọ ibi tí wọ́n sin bàbá ńlá kọ̀ọ̀kan sí, àti orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo etí omi náà. Odindi ọdún méjì ni Samson fi bẹ Bàbá pé kí wọ́n sọ ọ́ síwájú kámẹ́rà, Bàbá kọ̀, wọ́n ní ohùn àwọn kì í ṣe ọjà. Nígbà tí wọ́n gbà, Samson ta kámẹ́rà rẹ̀ àtijọ́ mọ́ jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ó sì ra èyí tí Tóyọ̀sí búra fún.

Abẹ́ igi fúrúùtù ni wọ́n jókòó sí láàárọ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí oòrùn fi yí débẹ̀. Kí ẹ̀rọ má baà ba Bàbá lẹ́rù, Samson gbé e kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta, ó lọ jókòó níwájú wọn, ó tẹjú mọ́ wọn. Kò bojú wẹ̀yìn. Kí ló máa bojú wẹ̀yìn fún, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti búra? Bàbá sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí méjì. Wọ́n sunkún níbì kan, wọ́n kọrin níbì kan. Nígbà tí wọ́n parí, Samson yíjú padà. Ojú kámẹ́rà ti ṣókùnkùn, ara rẹ̀ sì gbóná bí áyọ́ọ̀nù.

Kò lè sọ ọ́ fún Bàbá lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun yóò padà wá ní Ọjọ́bọ̀ fún ìwọ̀nba tó kù. Bàbá kú ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n sì sin wọ́n kí ọ̀sán tó pọ́n.

Suliat, ọmọ wọn obìnrin, ló bi Samson nígbà tó wá kí wọn. Ó ní, "Bùọ̀dá Samson, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn wọn."

Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé Samson dé ilé Tóyọ̀sí. Kò pariwo. Ó gbé káàdì kékeré tí kámẹ́rà ń kó àwòrán sí kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí. "Kò ṣí lọ́dọ̀ mi. O mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí jù mí lọ. Bá mi wò ó bóyá ó lè yọ nǹkan."

Ìgbéraga kì í jẹ́ kí ẹlẹ́bi gbà pé òun jẹ̀bi. Tóyọ̀sí ní, "Kì í ṣe kámẹ́rà, ọwọ́ tó mú un ni. O ò ṣe fi agbòjò bò ó?"

"Tóyọ̀, ṣé o gbé e wọ inú oòrùn rí?"

Tóyọ̀sí wo ilẹ̀. "Bí ilé-iṣẹ́ ṣe ní kí n sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́."

Samson dìde. "Mo ti dárí jì ọ́ kí n tó gun àtẹ̀gùn ilé rẹ. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni ẹlẹ́rìí tí o pè. Òun ni kó o lọ bá sọ̀rọ̀."

Inú bí Tóyọ̀sí. Ó ní, "Ta ni kiní yìí tiẹ̀ pe ara rẹ̀?" Ṣùgbọ́n nígbà tó tún jókòó láti polówó ọjà mìíràn, tó gbé ìka sókè, kò lè sọ gbólóhùn náà. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ó wá pa iná.

Ní ọ̀sán Sátidé, ó mú káàdì tí Samson fi sílẹ̀, ó ní òun yóò tún un ṣe kí òun lè fi pa Samson lẹ́nu mọ́. Ó fi gbogbo ìmọ̀ rẹ̀ jà. Nínú ọ̀rọ̀ wákàtí méjì, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógún péré ló rí yọ.

Nínú rẹ̀, Bàbá Gbàdàmọ́sí ń tún fìlà wọn ṣe. Wọ́n wo kámẹ́rà tìfura-tìfura, wọ́n ní, "Ṣé ó ti ń gbọ́ mi?"

Ohùn Samson dáhùn pé, "Ó ń gbọ́ yín, Bàbá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n túnra mú lórí àga, wọ́n ní, "Bísímílà." Ó tán.

Tóyọ̀sí tún un wò. Ó tún un wò. Arúgbó yìí pe orúkọ Ọlọ́run kó tó sọ òótọ́, òun sì ń pe orúkọ kan náà kí òun tó purọ́. "Fọkàn balẹ̀" tí Samson sọ fún Bàbá, ẹnu òun ni Samson ti gbà á. Ẹ̀rù ńlá bà á. Bí Ọlọ́run bá jẹ́ ẹlẹ́rìí lóòótọ́, a jẹ́ pé ó wà nínú yàrá tútù yẹn lọ́jọ́ náà, a jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí òun pè é ló ti wá. Tóyọ̀sí bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀, ó sì ń sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó pe Samson. Samson dé láti Ajah, ó bá a nílẹ̀ níbẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í.

"Kí ni mo fẹ́ san padà, Samson? Báwo ni mo ṣe fẹ́ san án?"

"Wàá san èyí tó bá ṣeé san. Èyí tí kò ṣeé san, Jésù ti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ san án lórí àgbélébùú. Ó kú fún òpùrọ́ pẹ̀lú, Tóyọ̀. Sọ fún un."

Tóyọ̀sí sọ ọ́ bó ṣe rí, kò fi àwáwí kankan bò ó. Ó bẹ Jésù kó gba òun là, Jésù sì gbà á. Àlàáfíà tí kò ní láti ọjọ́ tó ti ń gbayì wọ inú ọkàn rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé kámẹ́rà náà lọ sí etí títì ní Ajah lọ́sàn-án gangan, ó jẹ́ kó kú lójú gbogbo ènìyàn, ó fi fóònù ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì gbé e sórí ayélujára. Ó ní irọ́ lòun pa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé-iṣẹ́ ti já a sílẹ̀. Àwọn kan pè é ní òmùgọ̀, ọ̀pọ̀ sì fi í sílẹ̀. Ó ra jẹnẹrétọ̀ àti kámẹ́rà mìíràn fún Samson.

Lẹ́yìn náà ó lọ bá Suliat. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fún un ní ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógún náà. Suliat gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀, ó fi fóònù mọ́ àyà. Ó wá bi í pé, "Ìyókù ńkọ́?"

"Kò sí mọ́, Àǹtí. Irọ́ mi ló pa á rẹ́."

Suliat wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Títí di òní kò tíì bá Tóyọ̀sí sọ̀rọ̀. Ọlọ́run ti dárí jì í, ṣùgbọ́n ohùn Bàbá kò padà wá.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, bóyá ìwọ kì í polówó kámẹ́rà. Bóyá ilẹ̀ lò ń tà, tí o ní kò ní ìjà nínú. Bóyá ọkọ̀ lò ń tún ṣe, tí o búra pé ẹ̀yà tuntun lo fi sí i. Bóyá aya rẹ lo purọ́ fún, tàbí ìyá rẹ. Ẹnì kan ti gbà ọ́ gbọ́. Ó wà níbì kan báyìí tó jókòó, tí kò bojú wẹ̀yìn, nítorí pé ìwọ lo ní kó fọkàn balẹ̀.

Má sọ pé ó di Sunday. Má sọ pé irọ́ kékeré ni. Jésù tó gba Tóyọ̀sí ń dúró dè ọ́, ó sì mọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, jẹ́wọ́ fún un, kó o sì fi irọ́ sílẹ̀ lónìí. Bí o bá dìde, mú fóònù rẹ, pe ẹni tí o purọ́ fún. Ó lè jẹ́ pé ó ṣì máa gbé ìpè rẹ.