Ọjọ́ tí Tísà Thandeka Tẹríba fún Ìyá Mi

“Mú ọ̀kan,” ni Tísà Thandeka wí.

Káàdì mẹ́ta ló wà lórí tábìlì, ó da ojú wọn délẹ̀. Mo mú ti àárín, mo ṣí i. “Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹbí mi.” Èyí tí mo há sórí ni ti ìrìn-àjò lọ sí erékùṣù Jeju, níbi tí àwọn ará ilẹ̀ wa máa ń lọ ṣe fàájì.

Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì àfẹnusọ ni. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni Tísà ti fún wa ní àkọlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbogbo ọmọ sì há a sórí láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, nítorí bí a ṣe ń ṣe ìdánwò nìyẹn. Èmi há ọ̀kan. Mo ní orí mi á bá mi mú un. Àsìkò tó yẹ kí n fi há méjì tó kù, èmi àti Gyuri ọ̀rẹ́ mi wà ní ilé tí wọ́n ti ń sanwó kọrin, à ń pariwo sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Gyuri ti há tirẹ̀ tán kó tó wá. Ó tiẹ̀ bi mí léèrè. Èmi ni mo ní kò séwu.

Mo di káàdì mú níwájú Tísà. Mo ń gbọ́ aago ara ògiri.

“Má kánjú,” ló wí. Ó ti ife omi sọ́dọ̀ mi. Ó dúró, ó tún dúró. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ ò jáde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ó dáa. Gbàgbé káàdì yẹn ná. Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí? Ta ló sè é?”

Mo mọ ohun tó ń ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn. Ó fẹ́ gba ọ̀nà oúnjẹ mú mi dé ọ̀dọ̀ ìyá mi tó sè é, kí n lè sọ̀rọ̀ nípa ìyá mi, kí ìyẹn sì jẹ́ ìdáhùn káàdì náà. Ó yé mi níbẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n kò sí Gẹ̀ẹ́sì mìíràn lẹ́nu mi ju ti Jeju lọ, ni mo bá ka Jeju. Òkun, òkè, ọsàn. Tísà gbọ́ ọ dé òpin, ó sì kọ máàkì sílẹ̀. Mẹ́jọ nínú ogún.

Ọdún kejì Tísà Thandeka nílé ẹ̀kọ́ wa nìyẹn. Ọmọ Gúúsù Áfíríkà ni. Kò sí tísà Gẹ̀ẹ́sì àjèjì mìíràn ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ náà, òun nìkan ló ń kọ́ kíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì mọ orúkọ gbogbo wa. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ló máa ń wọ̀ lé ara wọn sínú sílípáàsì nítorí òtútù. Bí a bá tò fún oúnjẹ ọ̀sán, àárín wa ló máa ń tò sí, kimchi rẹ̀, ẹ̀fọ́ kíkan aláta tí a máa ń jẹ ní gbogbo ìgbà, sì máa ń pọ̀ ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá kan máa ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń sọ nínú fíìmù, pé ilé ẹ̀kọ́ lọ ra ọjà tí kò wọ́n. Ìyá mi wà lára wọn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ìyá mi ni kó máa ya orí ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ nínú ilé ẹja létíkun. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ló ti ń ya orí ẹja. Ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà kan wà tó fẹ́ kí n wọ̀, máàkì ìdánwò yìí sì wà lára ohun tí wọ́n máa fi gbani síbẹ̀.

“Mélòó?” ni ìyá mi bi mí bó ṣe wọlé. Kò tíì bọ́ bàtà.

“Mẹ́jọ.”

“Nínú mẹ́wàá?”

“Nínú ogún.”

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. “Gyuri ńkọ́?”

“Ogún.”

“Ogún! Háà. Ọ̀la ni ìyá ẹ̀ máa wá dúró tì mí nídìí ẹja, á ní, ‘Ìyá Taerim, ọmọ tiyín ńkọ́?’ Kí ni kí n sọ fún un? Kí ló ṣẹlẹ̀, Taerim? Ṣebí o ní o há a?”

Ẹnu mi ṣí.

“Kò bi mí ní ohun tó bi àwọn yòókù. Ó ní kí n gbàgbé káàdì. Ó wá ń bi mí ní ohun tí mo jẹ láàárọ̀ àti ẹni tó sè é. Ó ń rẹ́rìn-ín.”

Ẹ wò ó dáadáa. Gbogbo ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Kò sí èyí tí mo dá sílẹ̀ níbẹ̀. Oore tí obìnrin yẹn ṣe mí ni mo dojú rẹ̀ kọ ọ́. Mo tún wá fi ọ̀kan lé e kó lè dúró dáadáa: “Nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀, fóònù ló ń tẹ̀.” Ìyẹn ni irọ́ funfun báláú.

“Oúnjẹ kẹ̀?” Ìyá mi dìde. “Kí ló kàn án nínú ìkòkò mi? Àbí òórùn ẹja ló gbọ́ lára ẹ tó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́?”

Kò bọ́ épúrọ́ọ̀nù tó fi pe ilé ẹ̀kọ́. Nílùú wa, bí ìyá ọmọ bá pe ilé ẹ̀kọ́ láti fẹjọ́ sùn, bí iná tó ràn mọ́ òrùlé ni. Gbogbo ènìyàn á sáré bu omi. Kò sẹ́ni tó máa ń béèrè ẹni tó ṣáná.

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró lẹ́nu yàrá àwọn tísà, mo ń dúró de ìyá mi. Tísà Pyo, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa tó ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Tísà Thandeka, ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé. Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.

“Kàn tẹríba fún un, kó o ní kó má bínú.”

“Kí ni mo ṣe? Ọmọ náà ni mo fẹ́ ràn lọ́wọ́.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí kò sí lórí káàdì ni, o rí i? Bí a ṣe máa ń ṣe níbí nìyẹn. Kì í ṣe pé o jẹ̀bi. Tẹríba, kí inú rẹ̀ rọ̀, ó parí. Kò ná ọ ní nǹkan kan.”

Ìyá mi dé. A wọlé. Tísà Pyo bu tíì fún ìyá mi, ó wá yíjú sí mi. “Taerim, ṣé bó ṣe rí nìyẹn lóòótọ́?”

Gbogbo wọn ń wò mí. Tísà Thandeka náà ń wò mí. Kò bínú. Ó ń dúró dè mí, bó ṣe dúró dè mí lọ́jọ́ ìdánwò gan-an.

Mo wo ẹsẹ̀ ara mi. “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó bá dìde. Ó kó ọwọ́ méjèèjì mọ́ itan, ó tẹríba títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ́ bíi pákó. Èdè wa ló fi sọ ọ́: “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Taerim, ẹ dárí jì mí.” Mo rí àtàrí rẹ̀, mo rí ojú ìlà tó pín irun dídì rẹ̀ sí méjì. Àgbàlagbà ń fi àtàrí rẹ̀ hàn mí nítorí irọ́ mi. Síbẹ̀ mi ò jẹ́wọ́.

“Kó má ṣẹlẹ̀ mọ́,” ni ìyá mi wí. Ó mu tíì rẹ̀ tán.

Tísà Pyo rò pé ó ti parí. Ọ̀sán yẹn ni ìyá mi kọ ọ́ sí ojú ìwé tí àwọn ìyá ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní, “Ó ti tọrọ àforíjì.” Kó tó di alẹ́, ọ̀kan nínú wọn ti dáhùn pé, “Bí kò bá jẹ̀bi, kí ló ń tọrọ àforíjì fún?” Òmíràn ní, “Mo ti ń wí i tipẹ́.” Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ilé ẹ̀kọ́ ní gbogbo wa ní kíláàsì kẹta máa tún ìdánwò náà ṣe, tísà láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn ló sì máa gbọ́ wa.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo há mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo gba méjìdínlógún. Ẹ̀rù ba Gyuri níwájú tísà tí kò mọ̀ rí, ọ̀rọ̀ dàrú mọ́ ọn lẹ́nu, mẹ́rìnlá ló gbà.

Níbi tí a ti ń pààrọ̀ bàtà ló ti bá mi. “Ẹ kú oríire o, ọmọ ìyá ẹlẹ́jọ́.”

“Gyuri, jọ̀ọ́.”

“Jọ̀ọ́ kí ni? Èmi ló tò tẹ̀lé ẹ lọ́jọ́ yẹn. Ilẹ̀kùn ò tì tán. Inú àpò tí gbogbo wa kó fóònù sí láàárọ̀ ni fóònù Tísà wà. Ó ní bí àwa ò bá lo tiwa, òun náà ò ní lo tòun. Àbí o ti gbàgbé?”

Mi ò gbàgbé. “Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Ìwọ lo purọ́, èmi ni kí n sọ ọ́? Mo ń dúró dè ẹ́ ni. Mi ò dúró mọ́.” Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Kò bá mi rìn mọ́ títí a fi jáde ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Tísà Pyo sọ fún wa ní kíláàsì pé Tísà Thandeka ò ní padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni nígbà tó ń sọ ọ́. Bí wọn ò bá tún ìwé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, kò lè dúró sílùú wa mọ́. Kódà ilé tó ń gbé, ilé ẹ̀kọ́ ló fún un.

Mo délé, mo bá ìyá mi tó ń ya orí ẹja tó kù sórí ìwé ìròyìn. Mo kúnlẹ̀.

“Màmá, kò tẹ fóònù.”

Ó ya orí ẹja méjì sí i. “Ìyókù ńkọ́?”

“Ìyókù ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo yí i. Ó ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Mi ò há káàdì yẹn rárá.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo rò pé ó máa lù mí. Ìbá sàn. “Mo jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ tẹríba fún mi,” ló wí, “mo tún mu tíì lé e.” Ó ti ìwé ìròyìn sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ìwọ lo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi ti fẹ́ gbà á gbọ́ kó o tó ya ẹnu. Gba fóònù. Kọ ọ́ fún wọn. Orúkọ ara ẹ ni kó o fi sí i.”

Mo kọ ọ́. Iye àwọn tí kò tíì kà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: mẹ́rìnlélógójì. Mo ń wò ó bó ṣe ń dín kù. Ọgbọ̀n. Mọ́kànlá. Mẹ́ta. Wọ́n kà á tán. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tó ṣe, ìyá kan béèrè bóyá a mọ ibi tí kábéèjì kimchi ti dáa lọ́dún yìí, mẹ́wàá sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀.

Ìyá mi mú mi lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá dúpẹ́ pé a sọ ọ́. Ó ní ìwé ti kúrò lọ́wọ́ òun, wọ́n sì ti gba tísà mìíràn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dá mẹ́jọ mi padà fún mi. Ó ní máàkì tó ti wọ ìwé ò ṣeé yọ. Méjìdínlógún yẹn ni mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ tí ìyá mi fẹ́. A ò se nǹkan kan lọ́jọ́ tí orúkọ mi jáde.

Mo bá Tísà Thandeka ní kíláàsì rẹ̀, ó ń yọ àwọn àwòrán kúrò lára ògiri. Mo dúró gbọnrangandan, mo ka àforíjì fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, láìkọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

“O há a sórí,” ló wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Tísà.”

“Fi èdè rẹ sọ ọ́.”

Kò sí ohun tí mo há. “Mo purọ́ mọ́ yín. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ẹ̀rù ìyá mi ló bà mí.”

Ó gbé àwòrán tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. “Wọ́n ní títẹríba ò ná mi ní nǹkan kan,” ló wí. “Ó ná mi. Mo gbọ́ ohun tí o sọ, Taerim, ó sì dáa tí o sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má retí kí n sọ pé kò burú. Ó burú.”

Mo na ọwọ́ láti bá a yọ àwòrán tó kù.

“Rárá,” ló wí. “Máa lọ sí kíláàsì rẹ.”

Mo lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tó oṣù kan tí òtítọ́ fi bá a. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé nígbà tí òtítọ́ bá fi máa dé, irọ́ lè ti jẹun tán, kó ti nu ẹnu. Ìwọ ọmọ tó ń ka èyí, bí o bá ti purọ́ mọ́ ènìyàn, inú yàrá tí o ti pa á ni kó o ti jẹ́wọ́, kí ìwọ àti ẹni náà tó jáde níbẹ̀. Bí o bá jẹ́ kó dọ̀la, o ṣì lè jẹ́wọ́, ó sì yẹ kó o jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọkàn tìrẹ nìkan ló máa fúyẹ́. Ẹni tí o purọ́ mọ́ ti di ẹrù rẹ̀, ó ti lọ.