Ta Ni Àtàndá Yóò Tún Lé Jáde?

Àpò lórí àpò ni Àtàndá ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Mile 12 l’Ékòó, ìgbéraga rẹ̀ sì ga ju ọjà rẹ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ dìde lórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ òsì kò gbọ́ràn. Rọpárọsẹ̀ ni. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí iṣan kan nínú ọpọlọ rẹ̀, ó sì fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́.

Àtàndá kò gba ti dókítà. Súmbọ̀, ìyàwó rẹ̀, ló nàka sí. Ó ní òun ló ta àrùn náà sí òun, nítorí pé wọ́n jà lọ́sẹ̀ náà. Ó da ẹrù obìnrin náà síta nílé wọn ní Ìkòsí, níṣojú gbogbo àdúgbò.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Ẹ̀rí wo ló tún kù? Ó da oògùn sí gọ́tà. “Ọ̀tá ti kúrò nílé,” ni ó ń wí. “Kí ni mo tún ń gbé oògùn mì fún?”

Levi, tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, kò dákẹ́. Rọpárọsẹ̀ ti ṣe òun náà rí. Ní tirẹ̀, iṣan ló bẹ́ nínú ọpọlọ, ẹnu rẹ̀ sì wọ́ di òní. Ó ń sin Kristi, kì í sì í fo oògùn rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

“Ẹ̀gbọ́n, ì báà dí, ì báà bẹ́, dókítà ní ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Àìsàn yìí lè pẹ́ tó ọdún kan tàbí méjì kó tó padà wá. Ó sì lè gba ibi ọkàn yọ. Ẹ lo oògùn yín. Ẹ bẹ Aunty Súmbọ̀, kí ẹ sì bẹ Ọlọ́run.”

“Jẹ́ kí ẹnu ẹ tọ́ ná, kó o tó fi wàásù. Tìẹ ló le, tèmi fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Mo mọ ẹni tó ṣe mí, mo sì ti lé e.”

Àwọn alábàárù rẹ́rìn-ín. Levi padà sídìí ọjà rẹ̀.

Ọdún méjì kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀, Àtàndá ń bú ẹnì kan tó gbé àpò lọ́ra. Lójijì, ó di àyà mú. Òógùn bò ó, ó sì wó lulẹ̀. Levi ló gbé e dé ọsibítù. Iṣan tó ń bọ́ ọkàn ló dí lọ́tẹ̀ yìí.

Lọ́jọ́ kẹta, Àtàndá sọ̀rọ̀. “Levi, wọ́n tún ti ṣe mí.”

“Ta ni?” Levi kò rọ ohùn rẹ̀. “Ọdún kejì rèé tí Aunty Súmbọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń dá gbé. Ta lẹ fẹ́ lé báyìí?”

“Kò sẹ́ni tó kù,” ni Àtàndá wí. “Èmi fúnra mi ni mo ṣe ara mi.”

“Ẹ̀yin ni. Ẹ purọ́ mọ́ aláìṣẹ̀, ẹ wá gbé ara lé irọ́ náà bí ẹni gbé ara lé oògùn. Dókítà á tọ́jú iṣan yín. Kò lè wẹ ẹ̀ṣẹ̀ yín nù. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló lè ṣe é.”

Àtàndá sunkún. Ó jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run láìfi ohun kan bò, ó sì fi ara rẹ̀ fún Kristi lórí bẹ́ẹ̀dì náà. Lẹ́yìn náà, ó ní kí Levi bá òun pe Súmbọ̀.

“Súmbọ̀, irọ́ ni mo pa mọ́ ẹ. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.”

Obìnrin náà fèsì pé, “Mo gbọ́. Àdúgbò lẹ ti bà mí jẹ́. Ẹ lọ tún un ṣe níbẹ̀.”

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọsibítù, ó lọ sí àdúgbò náà ní Ìkòsí. Ó dúró níwájú àwọn tó wo bó ṣe lé Súmbọ̀ jáde níjọ́sí, ó sì pe ara rẹ̀ ní òpùrọ́. Súmbọ̀ kò tíì padà sílé. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti gba Àtàndá.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, ta lò ń di ẹ̀ṣẹ̀ rẹ rù? Ìyàwó rẹ? Ìyá rẹ? Ayé? Bó o lé gbogbo wọn lọ, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ á ṣì bá ọ sùn, á bá ọ jí. Má ṣe tan ara rẹ pé o ti gbádùn nítorí pé ò ń rìn. Àtàndá rí àyè lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀pọ̀ ni kò rí i, wọ́n ti wà níwájú Onídàájọ́. Kò sí ẹni tó ṣèlérí ọ̀la fún ọ. Jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún Jésù lónìí, níbi tó o dúró sí gan-an, kó o tó gbé ìwé yìí sílẹ̀.